Kí jíà Camry tó wọ Lexus: orúkọ U151E nìkan ò tó

Bí jíà Lexus ES330 bá kú, ohun tí àwọn tó ń ta jíà tòkunbọ̀ ní Ládípọ̀ máa kọ́kọ́ sọ fún yín ni pé ti Camry á wọ̀ ọ́, ti Sienna á wọ̀ ọ́, ti RX330 náà á wọ̀ ọ́, pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Toyota ló ni Lexus, jíà tí wọ́n ń pè ní U151E ló sì wà lábẹ́ ES330 ti 2004 sí 2006, RX330, Highlander 3.3, Sienna 3.3 ti 2004 sí 2006, àti Camry V6 ti 2005 àti 2006. Àmọ́ orúkọ ìdílé ni U151E. Àwọn ọmọ inú ìdílé náà ò rí bákan náà délẹ̀, ibi tí wọ́n sì ti yàtọ̀ síra ni owó àwọn onímọ́tò ń bá lọ. Jíà á wọlé, gbogbo bóòtì á dè, ọkọ̀ ò ní rìn. Tàbí kó rìn dáadáa fún oṣù kan, kó tún kú padà, kí ẹni tó tà á sì ní mẹkáníìkì ló bà á jẹ́.

Gbogbo ohun tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò ni mo fẹ́ tò síbí, látìgbà tí ẹ ò tíì ra nǹkan kan títí dé ìgbà tí ọkọ̀ bá padà sójú títì.

Ṣé jíà ló kú lóòótọ́?

Ọ̀pọ̀ jíà tí wọ́n ń yọ dà nù ni kò kú. Ẹ kọ́kọ́ wo ọ́ìlì rẹ̀. U151E ní géèjì tí ẹ lè fà yọ, àmọ́ ìgbà tí ọ́ìlì bá gbóná dé nǹkan bí 70 sí 80 digirii ni kíkà rẹ̀ tó ṣeé gbára lé. Ẹ wa ọkọ̀ kó gbóná dáadáa, ẹ páàkì síbi tó tẹ́jú, kí ẹ́ńjìnì máa ṣiṣẹ́. Ẹ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, ẹ fa ọ̀pá jíà láti P títí dé ìsàlẹ̀ pátápátá, kí ẹ rọra dá a padà sí P. Ẹ wá fa géèjì yọ, ẹ nù ún, ẹ tì í padà, kí ẹ tún fà á yọ. Àárín àmì HOT ló yẹ kí ọ́ìlì wà. Bó bá lọ sílẹ̀ díẹ̀ péré, ọkọ̀ lè máa yọ̀ lójú jíà bíi pé kíláàṣì (clutch inú jíà) ti jẹ tán.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wọn bó ṣe ń pẹ́ kó tó gbá jíà. Aago fóònù yín tó o. Ẹ tẹ bíréèkì, ẹ gbé e láti N sí D, ẹ ka ìṣẹ́jú àáyá tó kọjá kí ẹ tó gbọ́ ọ lára. Kò gbọ́dọ̀ ju 1.2 lọ. Láti N sí R, kò gbọ́dọ̀ ju 1.5 lọ. Ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú kan láàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ro mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀, kí ẹ pín in sí mẹ́ta. Bó bá jẹ́ D nìkan ló ń pẹ́, kíláàṣì iwájú ló yẹ kí ẹ fura sí. Bí D àti R bá jọ ń pẹ́, agbára ọ́ìlì ló rẹlẹ̀, ó lè jẹ́ asẹ́ inú páànù (àwo ọ́ìlì tó wà nísàlẹ̀ jíà) ló dí.

Kí ẹ tó fọkàn sí jíà míì, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi síkáánà kà á, kí ẹ sì gba nọ́ńbà kóòdù sọ́wọ́ fúnra yín. P0748, P0778, P0798 àti P2716 ń tọ́ka sí iná sólénọ́ìdì SL1, SL2, SL3 àti SLT, ìyẹn àwọn báfù kékeré tí iná ń ṣí láti darí ọ́ìlì inú jíà. Ẹnikẹ́ni tó bá ní mítà lè wọn wọ́n: 5.0 sí 5.6 ohm ló yẹ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́rin yìí fi hàn nígbà tí ó bá tutù tó 20 digirii. Èyí tó bá jìnnà sí i ló bàjẹ́, páànù nìkan lẹ sì máa tú láti pààrọ̀ rẹ̀. P0717 àti P0793 jẹ́ ti sẹ́ńsọ̀ ìyíra méjì tó wà lára jíà níta, wáyà tí eku jẹ náà sì lè mú wọn yọjú. Kò sí èyí tó yẹ kó mú ẹnikẹ́ni gbé jíà sọ̀ kalẹ̀ nínú wọn.

Ìgbà tí jíà kú lóòótọ́ ni ìgbà tí ọ́ìlì bá dúdú, tó ń rùn bí ohun tó jóná, tí ẹ bá sì tú páànù tí ẹ rí ègé irin tó ń dán tàbí ẹ̀rún bàbà. Erùpẹ̀ eérú tó rọ̀ lára mágínẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ẹ̀sùn. Gbogbo jíà tó ti rìn ló ní in.

E tàbí F

Lẹ́tà tó gbẹ̀yìn ni ẹ máa kọ́kọ́ wò. U151E ń fa ẹsẹ̀ iwájú méjì. U151F ń fa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó ní transfer (àpótí tó ń pín agbára lọ sẹ́yìn) ní ẹ̀yìn lápá ọ̀tún, ibẹ̀ ni propeller, ìyẹn ọ̀pá gígùn tó ń gbé agbára dé táyà ẹ̀yìn, ti ń jáde lọ sẹ́yìn. RX330 àti Highlander ní oríṣi méjèèjì. ES330 àti Camry ò ní F rárá.

F ò lè wọ ES330. Transfer náà máa forí sọ ibi tí páìpù sálẹ́ńsà gbà kọjá, inú dífẹ́rẹ́ǹṣíà rẹ̀ (àwọn eyín irin tó ń pín agbára fún táyà) sì yàtọ̀. Ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé òun á yọ transfer kúrò, òun á fi páálí irin dí ojú ihò.

E lè wọ RX330 ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin bí ẹ bá gbà láti sọ ọ́ di ẹlẹ́sẹ̀ méjì pátápátá. Ẹ máa nílò ṣáàfù ọwọ́ ọ̀tún ti RX330 ẹlẹ́sẹ̀ méjì pẹ̀lú irin tó gbé bẹ́ríìnì rẹ̀ mọ́ ara ẹ́ńjìnì, torí inú transfer ni ṣáàfù ti ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ń wọ̀. Propeller á kúrò. Ẹ wo páìpù sálẹ́ńsà iwájú àti ibi tí wọ́n ti dè é náà. Bí ẹ bá rí ẹni tó ń ta jíà, ṣáàfù ọ̀tún àti irin bẹ́ríìnì náà látara ọkọ̀ kan ṣoṣo, ẹ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Wíwá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́yìn tí wọ́n ti gbé ọkọ̀ sókè ló ń sọ iṣẹ́ ọjọ́ méjì di ọ̀sẹ̀ méjì.

Àwọn kan máa ń rò pé bí transfer bá ń ké, kí àwọn yọ propeller kí ọkọ̀ máa fi iwájú rìn. RX300 àtijọ́ ní viscous coupling tó ń so iwájú àti ẹ̀yìn pọ̀, nítorí náà ó lè wọ́ra rìn, àmọ́ ohun tó so wọ́n pọ̀ yẹn á máa gbóná títí á fi jó. RX330 ò ní in. Dífẹ́rẹ́ǹṣíà àárín rẹ̀ máa ń da agbára sí ibi tí ohunkóhun ò bá ti dí i lọ́wọ́. Bí propeller bá ti kúrò, ẹ̀yìn transfer á kàn máa yí lófo, ọkọ̀ á dúró síbi tó wà. Wọ́n ti tìtorí èyí ra jíà tuntun fún ọkọ̀ tí jíà rẹ̀ ò ní nǹkan kan.

Ẹ́ńjìnì tó bí i

3MZ-FE, ìyẹn 3.3, ló wà nínú ES330, RX330, Highlander 2004 sí 2007 àti Sienna 2004 sí 2006. Camry V6 tí ó wọ́pọ̀ jẹ́ 1MZ-FE, ìyẹn 3.0. Nígbà tó wá di ìgbà 2GR-FE, ìyẹn 3.5, Toyota tún fi U151 sínú RX350 ti 2007 sí 2009, Avalon 2005 sí 2007, Sienna 2007 sí 2010 àti Highlander 2008 sí 2013. Ihò bóòtì tó so jíà mọ́ ẹ́ńjìnì bára mu láàárín wọn, ohun tó sì ń tan àwọn èèyàn jẹ nìyẹn. Kọ́ńfátà (torque converter, tó ń gbé agbára láti ẹ́ńjìnì wọ jíà) lè má bára mu, síìtì jíà (irin àti rọ́bà tó gbé jíà mọ́ ara ọkọ̀) lè má bára mu, bréènì bọ́ọ̀sì (kọ̀ǹpútà ọkọ̀) sì mọ agbára ẹ́ńjìnì tirẹ̀ nìkan.

Lójú tèmi, kí ẹni tó ní ES330 wá jíà ES330 lákọ̀ọ́kọ́. Bí kò bá rí, kó wá ti Camry tàbí Solara tó ní ẹ́ńjìnì 3.3. Sienna 3.3 àti RX330 ẹlẹ́sẹ̀ méjì ló tẹ̀ lé e, àmọ́ ẹ máa yẹ síìtì àti ìpín dífẹ́rẹ́ǹṣíà wọn wò gidigidi. Ti ẹ́ńjìnì 3.5, ẹ fi sílẹ̀ fún ọkọ̀ 3.5.

Àwọn kan wà tí kò tiẹ̀ yẹ kí ẹ dúná dúrà lórí wọn. U140E inú Camry V6 ti 2002 sí 2004, U140 inú RX300 àti inú Highlander 2001 sí 2003, jíà mẹ́rin ni wọ́n ní. Bréènì bọ́ọ̀sì ES330 ń retí márùn-ún. U660E inú ES350 àti Camry V6 ti 2007 sí 2017 jẹ́ jíà mẹ́fà, sólénọ́ìdì àti wáyà rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá. Kò sí ríwáyà tó lè so ó pọ̀ kó ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ.

Ìpín dífẹ́rẹ́ǹṣíà

Nínú gbogbo U151E, jíà kìíní jẹ́ 4.235, ìkarùn-ún jẹ́ 0.756. Èyí tó ń yàtọ̀ láti ọkọ̀ dé ọkọ̀ ni ìpín eyín dífẹ́rẹ́ǹṣíà tó gbẹ̀yìn, torí ìwúwo Sienna kì í ṣe ti ES330, táyà RX náà sì ga ju ti Camry lọ. Ẹ wo sítíkà tó wà lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ A/TM ni wọ́n kọ kóòdù áásù àti ti jíà sí. Ẹ ya fọ́tò ti ọkọ̀ yín. Bí ọkọ̀ tí wọ́n ti yọ jíà tí ẹ fẹ́ rà bá ṣì wà ní yáàdì, ẹ ya fọ́tò tirẹ̀ náà, kí ẹ fi wọ́n wéra.

Bí sítíkà ò bá sí, ẹ lo ọgbọ́n yìí bí jíà yín àtijọ́ bá ṣì ń rìn díẹ̀. Ẹ wa ọkọ̀ ní 100 kìlómítà ní wákàtí lójú jíà karùn-ún, ẹ wo iye RPM, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn tí tuntun bá wọlé, ẹ tún wo ó. Bó bá ti fi ọgọ́rùn-ún mélòó kan lé, ìpín rẹ̀ yàtọ̀. Sípídómítà ò ní tú àṣírí yìí, torí ara sẹ́ńsọ̀ ABS tó wà níbi táyà ni ìsáré ti ń wá nínú Lexus yìí. Ohun tí ẹ máa rí ni epo tó ń yára tán, ẹ́ńjìnì tó ń pariwo lójú ọ̀nà márosẹ̀, àti jíà tó ń pààrọ̀ níbi tí kò yẹ.

Nígbà tí jíà bá wà nílẹ̀ níwájú yín

Ẹ mú ìwé-ìnuwọ́ funfun dání. Ẹ fa géèjì yọ tàbí kí ẹ tú ọ́ìlì díẹ̀ sí i. Pupa tàbí búráùn fẹ́ẹ́rẹ́ dára. Bó bá funfun bíi tíì oní-mílíìkì, omi ti wọ inú rẹ̀, yálà rédíétọ̀ ló jò sí i tàbí ọkọ̀ náà rì sínú omi ní Amẹ́ríkà. Ẹ kúrò nídìí rẹ̀ láìbèèrè iye. Omi máa ń tú gọ́ọ̀mù tó lẹ kíláàṣì mọ́ irin, ó sì lè rìn fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó tú.

Ẹ bẹ ẹni tó ń tà á pé kó jẹ́ kí ẹ tú páànù. Àwọn mìíràn á kọ̀. Ẹni tó bá gbà, ẹ ra gásíkẹ́ẹ̀tì fún un, ẹ̀yin lẹ máa jàǹfààní rẹ̀. Ẹ wo mágínẹ́ẹ̀tì bí mo ṣe sọ lókè.

Ẹ wo kánẹ́tọ̀ wáyà. Ní ọ̀pọ̀ yáàdì, ayùn ni wọ́n fi ń gé wáyà nígbà tí wọ́n bá ń yọ jíà, wọ́n sì ń fọ́ orí kánẹ́tọ̀. Ẹ ka iye pín tó wà nínú rẹ̀, kí ẹ fi fọ́tò ti ọkọ̀ yín wé e, àti ojú ibi tí ó ti ń tẹ̀ mọ́ra. Bí ara jíà bá dára àmọ́ tí kánẹ́tọ̀ fọ́, ọ̀nà wà: wáyà inú jíà ṣeé yọ lódindi láti inú páànù, ẹ lè gbé ti àtijọ́ sínú tuntun bí wọ́n bá jẹ́ irú kan náà. Èyí sàn fíìfíì ju kí wọ́n máa gé wáyà kí wọ́n sì máa fi téèpù lẹ̀ ẹ́.

Kọ́ńfátà gbọ́dọ̀ bá a wá. Ẹ wo etí tí bóòtì ń gbà wọlé lára àpótí jíà, kò gbọ́dọ̀ sí èyí tó kán tàbí tí wọ́n lẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gba àdéhùn lórí ìwé, kí wọ́n fi àmì sí ara jíà, kí ẹ̀yin náà fi tiyín sí i, kí ẹ ya fọ́tò àmì méjèèjì. Ẹ bi í bóyá ọjọ́ tí ẹ rà á ni àdéhùn náà bẹ̀rẹ̀ tàbí ọjọ́ tó wọ ọkọ̀.

Yíyọ ti àtijọ́

Bátìrì kúrò, ilé asẹ́ afẹ́fẹ́ kúrò, kí àyè wà lókè. Wáyà ọ̀pá jíà, kánẹ́tọ̀ ńlá, ti sẹ́ńsọ̀ méjèèjì àti ti ṣíwíìṣì P/N kúrò. Sítátà náà. Ẹ fi téèpù àti bírò kọ orúkọ sára ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Kí ọkọ̀ tó gòkè, ẹ kọ́kọ́ tú nọ́ọ̀tì àárín táyà iwájú méjèèjì nígbà tí táyà ṣì wà nílẹ̀. 294 Nm ni wọ́n fi dè é, kò ní gbà fún yín lókè. Nígbà tó bá gòkè, ẹ tú ọ́ìlì dà nù, ball joint ìsàlẹ̀, tie rod, kí ẹ fa ṣáàfù méjèèjì yọ. Ẹ má fi ìwọ̀ fa ṣáàfù láti orí bọ́ọ̀tù (rọ́bà tó bo oríkèé rẹ̀), ara ilé jíà ni kí ẹ ti rọra fi irin gbún un jáde.

Ìdàmú gidi wà níbi cross-member, irin ńlá tó gba abẹ́ ẹ́ńjìnì àti jíà kọjá. Ó gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ kí jíà tó rí ọ̀nà gbà, bí ó bá sì sọ̀ kalẹ̀, ìdí sítíárìn máa já kúrò lára ọ̀pá rẹ̀. Ẹ dojú táyà kọ iwájú gan-an, ẹ ti sítíárìn pa tàbí kí ẹ fi bẹ́líìtì ìjókòó so ó, kí ẹ sì fi àmì sí ibi tí ọ̀pá méjèèjì ti pàdé. Bí ẹnikẹ́ni bá yí sítíárìn nígbà tí ó wà ní títú, wáyà tó ká bíi sípíríìnì lẹ́yìn rẹ̀ á já, iná airbag á tàn, họ́ọ̀nù lè má dún mọ́. Wọ́n á wá máa wá ohun tó fa iná airbag nígbà tó jẹ́ jíà ni wọ́n wá ṣe.

Ẹ fi irin gbé ẹ́ńjìnì dúró láti òkè. Ẹ ṣí ìbòrí kékeré tó wà nísàlẹ̀, ẹ fi sọ́kẹ́ẹ̀tì 22 yí ẹ́ńjìnì láti ara púlì, kí ẹ máa tú bóòtì kọ́ńfátà lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́fà ni wọ́n. Àwọ̀ ọ̀kan yàtọ̀. Ẹ tọ́jú rẹ̀ sọ́tọ̀. Lẹ́yìn náà ni ti àpótí jíà àti síìtì rẹ̀. Jáàkì jíà ni kó gbé e sọ̀ kalẹ̀, kì í ṣe èjìká ọmọ iṣẹ́.

Kí tuntun tó wọlé

Bí ẹ ò bá ní ṣe nǹkan míì tí mo kọ síbí, ẹ ṣe èyí: ẹ fọ kúlà ọ́ìlì jíà. Ìsàlẹ̀ rédíétọ̀ ló wà, gbogbo ẹ̀rún irin tí jíà àtijọ́ bì sì wà nínú rẹ̀ àti nínú rọ́bà méjèèjì. Ní kété tí ẹ bá tan ẹ́ńjìnì, ẹ̀rún yẹn á padà sínú jíà tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà, á há sínú báfù bọ́dì (ibi tí sólénọ́ìdì wà, tó ń darí ọ́ìlì), sólénọ́ìdì á bẹ̀rẹ̀ sí í há. Lójú tèmi, èyí ló ń pa jíà tòkunbọ̀ ju ohunkóhun lọ, ẹni tó tà á ni wọ́n sì máa ń bú.

Ẹ fi afẹ́fẹ́ kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ díẹ̀ fẹ́ ọ́ìlì àtijọ́ jáde, láti ibi tí ọ́ìlì ń gbà padà, kì í ṣe ibi tó ń gbà wọlé. Ẹ da ọ́ìlì jíà mímọ́ sí i, ẹ fẹ́ ẹ jáde sórí aṣọ funfun, ẹ tún ṣe é láti ọ̀nà kejì, títí aṣọ á fi mọ́. Ẹ má lo pẹtiróòlù, ó máa ń jẹ rọ́bà. Bí ọ́ìlì ò bá já geere, tàbí bí ti àtijọ́ bá ní omi nínú, rédíétọ̀ gan-an ló yẹ kó kúrò.

Níwọ̀n ìgbà tí ojú ẹ́ńjìnì ti ṣí sílẹ̀, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì síìlì ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì. Owó rẹ̀ kéré, àmọ́ bí ó bá jò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, gbogbo iṣẹ́ yìí lẹ máa tún ṣe. Ẹ pààrọ̀ síìlì iwájú jíà tí kọ́ńfátà ń wọ̀, síìlì ṣáàfù méjèèjì, asẹ́ àti gásíkẹ́ẹ̀tì páànù. Ẹ wo flywheel bóyá ó ti la níbi ihò bóòtì. Ẹ sì rí i pé pín kékeré méjì tó ń tọ́ jíà sọ́nà wà lára ẹ́ńjìnì. Bí wọ́n bá sọ ọ̀kan nù, jíà ò ní jókòó déédéé, síìlì iwájú á jẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ẹ gbé irin síìtì ti àtijọ́ sórí tuntun. Èyí ló ń mú kí jíà Sienna wọ ES330. Bí ihò kan lára àpótí jíà ò bá sí fún irin náà, jíà yẹn kì í ṣe ti ọkọ̀ yìí, ẹ dá a padà kí ó tó fara kan ọ́ìlì.

Kọ́ńfátà

Kọ́ńfátà gbọ́dọ̀ wọlé nígbà mẹ́ta: eyín ṣáàfù jíà, eyín stator (apá kan inú kọ́ńfátà), àti pọ́ǹpù ọ́ìlì. Ẹ da ọ́ìlì díẹ̀ sínú rẹ̀, ẹ gbé e sí i, kí ẹ máa yí i lọ yí i bọ̀ nígbà tí ẹ bá ń rọra tì í. Ẹ máa gbọ́ ọ tí ó bá ń jábọ́ wọlé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kó tó pé, àwọn kan á rò pé ó ti tó lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kejì. Ẹ gbé irin tó tọ́ kọjá lójú àpótí jíà láti etí kan sí èkejì: ojú tí bóòtì kọ́ńfátà ń dè mọ́ gbọ́dọ̀ wà nínú, lẹ́yìn irin náà dáadáa.

Bí jíà bá dé ara ẹ́ńjìnì tí àlàfo ṣì wà láàárín wọn, ẹ dúró. Ẹ má fi bóòtì fà á mọ́ra. Ẹni tó bá fi bóòtì fà á á fọ́ pọ́ǹpù ọ́ìlì kí ọkọ̀ tó rìn ìṣísẹ̀ kan. Bí ó bá jókòó dáadáa, ọwọ́ nìkan ló máa tì í pàdé ẹ́ńjìnì, kọ́ńfátà náà á sì ṣì ṣeé fọwọ́ yí kí ẹ tó dè é.

Bóòtì ńlá tó so jíà mọ́ ẹ́ńjìnì jẹ́ 64 Nm, àwọn tó kéré díẹ̀ jẹ́ 46. Ti kọ́ńfátà jẹ́ 41, kí ẹ sì kọ́kọ́ fi èyí tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀, kí ẹ tó fi márùn-ún yòókù, torí òun ló ń mú kọ́ńfátà dúró sí àárín gan-an. Bóòtì tí ẹ fi ń tú ọ́ìlì dà nù jẹ́ 49. Ti páànù ò ju nǹkan bí 7.8 lọ. Wọ́n máa ń dè é jù, páànù á sì ká, á máa jò.

Ẹ tò ṣíwíìṣì P/N sójú ibi tó yẹ kí ẹ tó dè é: ẹ fi ọ̀pá jíà sí N, ẹ mú ihò kékeré rẹ̀ bá ìlà N mu, kí ẹ dè é ní 5.4 Nm. Bí ó bá yẹ̀, ọkọ̀ á kọ̀ láti tan ní P, tàbí kí iná ẹ̀yìn máa tàn nígbà tí ẹ wà ní N.

Ọ́ìlì

Ohun tí wọ́n bá kọ sára géèjì ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ti ES330 àti RX330 jẹ́ Toyota ATF Type T-IV. WS, irú ọ́ìlì jíà Toyota míì, fẹ́lẹ́ jù ú lọ, wọn ò lè rọ́pò ara wọn. Bí ẹ bá kàn tú páànù, nǹkan bí lítà 3.5 ló máa jáde. Lẹ́yìn ìpààrọ̀ odindi, ẹ ra lítà 9 sílẹ̀. Ẹ da bí 5 sí i ná, ẹ tan ẹ́ńjìnì, ẹ gbé ọ̀pá jíà kọjá gbogbo ojú rẹ̀, kí ẹ máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un títí á fi dé àmì COOL. Ẹ wà á kó gbóná, kí ẹ tún wò ó ní HOT. Má jẹ́ kí ó kọjá rẹ̀: bí ọ́ìlì bá pọ̀ jù, jíà á máa pò ó di ìfófòó, ìfófòó ò sì lè gbá kíláàṣì.

  

Bréènì bọ́ọ̀sì

Ẹ̀yìn tí gbogbo irin ti dè tán ni iṣẹ́ tí ọ̀pọ̀ ò ṣe kù. Bréènì bọ́ọ̀sì ti kọ́ bí jíà àtijọ́ ṣe jẹ tó, ó sì ń fi ìwọ̀n yẹn tẹ kíláàṣì tuntun. Toyota ní kí wọ́n ṣe Reset Memory (pípa ìrántí yẹn rẹ́) nígbàkígbà tí wọ́n bá pààrọ̀ jíà, ẹ́ńjìnì tàbí bréènì bọ́ọ̀sì. Yíyọ orí bátìrì kì í pa ìrántí yìí rẹ́. Síkáánà tó lè wọ Toyota dáadáa, bíi Techstream, ló ń ṣe é. Kò gbà ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Ẹni tí kò ní síkáánà bẹ́ẹ̀, ẹ wá ẹni tó ní in kí ọkọ̀ tó kúrò ní wọ́ọ̀kìṣọ́ọ̀pù.

Bí jíà bá ń gbá gìdì láti 1 sí 2 tàbí láti 2 sí 3 lẹ́yìn ìpààrọ̀, èyí ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè. Kì í ṣe báfù bọ́dì.

Lẹ́yìn Reset Memory, ẹ wa ọkọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nígbà tí ọ́ìlì bá ti gbóná. Ẹ tẹ ẹsẹ̀ díẹ̀, kí ó kọjá gbogbo jíà márààrún, ẹ rọra dúró, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀, lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ má kọ́kọ́ kó o sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Third Mainland. Ẹ wá òpópónà tó ṣí sílẹ̀.

Bí ó bá ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ ní ìsáré 60 sí 80, tó dà bí ẹni ń gun orí òkúta wẹ́wẹ́, kọ́ńfátà ló ń yọ̀ nígbà tí ó ń tì pa. Ẹ wo ọ́ìlì, kí ẹ wo bóyá P0741 ti yọjú. Bí D bá lọ àmọ́ tí R kò gbá, ẹ yẹ wáyà ọ̀pá jíà wò bóyá ó tò dáadáa kí ẹ tó bá ẹni tó tà á jà. Bí ọ́ìlì bá ń kán níbi tí ẹ́ńjìnì àti jíà ti pàdé, ẹ wo àwọ̀ rẹ̀: pupa jẹ́ ti síìlì iwájú jíà, dúdú jẹ́ ti síìlì ẹ̀yìn ẹ́ńjìnì.

Lẹ́yìn nǹkan bí 1,000 kìlómítà, ẹ tú bóòtì tí ẹ fi ń tú ọ́ìlì dà nù, ẹ jẹ́ kí lítà 3.5 yẹn jáde sínú ike mímọ́, kí ẹ da T-IV tuntun tó bá a dọ́gba sí i. Èyí tó bá jáde náà, ẹ gbé e sójú oòrùn kí ẹ wò ó dáadáa. Bí ẹ̀rún tó ń dán bá wà nínú rẹ̀, ẹ padà sọ́dọ̀ ẹni tó tà á nígbà tí àdéhùn yín ṣì wà.